Ibi tí Ìbọn Ọdẹ Mọ

 Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọdẹ jù lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdẹ nìkan ni ó kàn. Ó kan àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kan adẹ́mu tí ń jí lọ sí ìdí ọ̀pẹ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó sì kan àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ń fi àtùpà wá ìgbín kiri lóru nígbà òjò. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lo igbó kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gbé ìbọn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo wa gbé yẹ̀ wò ni èyí: báwo ni ó ti yẹ kí ọdẹ súnmọ́ ẹran tó kí ó tó yìnbọn?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ẹni tí ó lè yìnbọn pa ẹran láti òkèèrè ni ògbójú ọdẹ. Àwọn àgbà ọdẹ kò rò bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí ó mọ bí a ti ń súnmọ́ ẹran títí tí kò fi lè tàsé mọ́ ni ọdẹ. Ẹni tí ó dúró lókèèrè tí ó ń da ọta sínú igbó, ariwo lásán ni ó ń pa.

Kí ìbọn tó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọrun àti ọfà ni ọdẹ ń lò. Ọfà kì í lọ jìnnà kí agbára rẹ̀ tó tán. Nítorí náà, dandan ni fún ọdẹ ìgbà náà láti mọ ìrìn. Ó ní láti mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ó ní láti mọ igi gbígbẹ tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ó ní láti mọ ìgbà tí ẹran tẹ orí mọ́lẹ̀ tí ó ń jẹun, àti ìgbà tí ó gbé orí sókè tí ó ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìbọn gbilẹ̀ ní àkókò àwọn ogun ilẹ̀ wa, irú bí ogun Kírìjì (1877–1893). Ogun a máa kọ́ ènìyàn láti yìnbọn sí àárín èrò láìmọ ẹni tí ọta yóò bá. Iṣẹ́ ọdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran kan ṣoṣo ni ọdẹ ń fẹ́ pa, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ó tó pa á.

ORÍṢÌÍRÍṢÌÍ Ọ̀NÀ TÍ A Ń GBÀ ṢỌDẸ

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọdẹ rí; ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ọgbọ́n tirẹ̀ àti ewu tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ọdẹ ọ̀sán, tí ọdẹ ń fi ẹsẹ̀ tọ ẹran lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n a bu eérú tàbí erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí ọwọ́, a sì jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀. Ìhà tí eérú bá fẹ́ lọ ni òórùn ara ọdẹ ń lọ. Nítorí náà, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni yóò kọjú sí. A wo ojú ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀: bí etí rẹ̀ bá ṣì mú, tí ìrì kò sì tíì sẹ̀ sínú rẹ̀, ẹran náà kò tíì jìnnà. A wo koríko tí ọ̀yà ti jẹ, nítorí eyín ọ̀yà a máa gé koríko bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Àwọn ọdẹ mìíràn kì í lé ẹtu rárá. Wọn a fi ọwọ́ di imú, wọn a ké bí ẹtu, ẹtu a sì máa bọ̀ wá wo ohun tí ń ké. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí ẹran fúnra rẹ̀ ni ń rin ìrìn tí ọdẹ ì bá rìn. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ rántí pé kì í ṣe ẹtu nìkan ni ó ní etí. Ọdẹ mìíràn tí ó wà nítòsí lè gbọ́ igbe náà, kí ó rò pé ẹtu ni, kí ó sì máa yọ́ bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ọdẹ méjì kò gbọdọ̀ wọ igbó kan náà láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ fún ara wọn ìhà tí olúkúlùkù ń lọ.

Ọ̀nà kejì ni ègùn, èyíinì ni àga tí ọdẹ fi igi kàn sórí igi, níbi tí ó ń jókòó sí de ẹran. Igi tí èso rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ni a sábà ń ṣọ́, irú bí igi ìyeyè, nítorí pé ẹtu àti ìgalà fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀lẹ kò lè gun ègùn. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní láti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ mu tábà, kò sì gbọdọ̀ gbá ẹ̀fọn tí ń kùn létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ègùn ní àǹfààní méjì tí àwọn ọ̀nà yòókù kò ní. Èkíní, ọdẹ lè fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ní ojúmọmọ láti ìdí igi rẹ̀ dé ibi tí èso ń bọ́ sí, kí ó mọ̀ dájú pé ìṣísẹ̀ 15 tàbí 20 ni. Èkejì, láti òkè ni ó ń yìnbọn sí ìsàlẹ̀. Ọta tí ó bá tàsé ẹran yóò wọ ilẹ̀, kò ní lọ bá ẹni tí ń kọjá lójú ọ̀nà oko. Kìkì pé kí ó má ṣe gbé ìbọn tí ó ti kì gun igi. Kí ó kọ́kọ́ gòkè, kí ó fi okùn fa ìbọn náà lẹ́yìn, kí ó tó kì í.

Ọ̀nà kẹta ni ọdẹ òru, ibẹ̀ ni ewu sì pọ̀ sí jù. Ní àtijọ́, àtùpà kábáàdì ni ọdẹ ń dè mọ́ iwájú orí. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì ti gba ipò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ jìnnà ju ti àtùpà lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bá ojú ẹran, ojú náà a máa tàn bí ẹyin iná, ẹtu a sì dúró sójú kan bí ẹni tí a fi oògùn dè. Ìdẹwò ni èyí jẹ́. Iná lè fi ojú ẹran hàn ní ìṣísẹ̀ 80, ọdẹ a sì gbàgbé pé ìbọn ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá ìṣísẹ̀ 25. Iná ti gùn sí i, ìbọn kò gùn sí i.

Pẹ̀lúpẹ̀lú, ojú tí ń tàn kò sọ irú ara tí ó ni ín. Ojú ewúrẹ́ a máa tàn, ti màlúù a máa tàn, ti ajá a máa tàn. Ojú aláǹtakùn kékeré inú koríko pàápàá a máa dán bí ìrì. Ní òkùnkùn, ojú kékeré tí ó wà nítòsí àti ojú ńlá tí ó wà lókèèrè a máa jọ ara wọn. Lóòótọ́, ojú ènìyàn kì í tàn bí ti ẹran. Ṣùgbọ́n èyí kò tó gbọ́kàn lé, nítorí awò ojú a máa dán, ike omi a máa dán, ajá tí ojú rẹ̀ ń tàn sì lè ní olówó rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀ràn kan wò. Òjò ti dá ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ jáde lọ wá ìgbín létí igbó. Àtùpà wọn kò mọ́lẹ̀ tó, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn igi, ó ń tú ewé. Ní ìhà kejì, ọdẹ kan ti rìn láti ìrọ̀lẹ́ láìrí eku. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ebi ń pa á, ó sì ń ronú ohun tí yóò gbé dé ilé. Ó gbọ́ tí ewé ń mì. Ó rí ohun kan tí ó dán. Òwe wa sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà yìí gan-an ni wọ́n ń ti ìka ọdẹ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yìnbọn, ẹ̀bẹ̀ kò lè dá ọta náà padà. Bí ó bá sì rin ìṣísẹ̀ 20 sí i, tí ó rí ara kí ó tó gbé ìbọn sí èjìká, ìyá àti ọmọ yóò padà sílé, òun náà yóò sì padà sílé. Ìṣísẹ̀ 20 ni ó wà láàárín ìsinmi àti ẹkún agboolé méjì.

Nítorí náà, òfin ọdẹ òru kò ju ọ̀kan lọ: kò tó kí a rí ojú, àfi kí a rí orí, ọrùn àti èjìká, ohun tí ọdẹ kò bá rí tán, kò gbọdọ̀ yìnbọn sí i.

Ọ̀nà kẹrin ni ọdẹ àjọṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ajá ń lé ẹran jáde kúrò nínú igbó. Ẹran tí ń sáré ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ara gbogbo ènìyàn sì ti gbóná. Kí olórí ọdẹ fi ibi tí olúkúlùkù yóò dúró hàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò ní ipò rẹ̀ títí olórí yóò fi pè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn sí inú agbo tí àwọn alé-ẹran wà, bí ó ti wù kí ẹran náà tóbi tó. Kí ó jẹ́ kí ẹran kọjá rẹ̀, kí ó tó yìn ín láti ẹ̀yìn agbo. Yóò dára kí gbogbo wọn wé aṣọ pupa mọ́ orí. Ìgalà àti ẹtu kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àwọ̀ pupa mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn a máa rí i kíá. Ní ti sísun ìgbẹ́ láti lé ẹran jáde, ọ̀nà náà kò yẹ ọmọlúàbí. Iná kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ, kò sì mọ igbó yàtọ̀ sí oko kòkó aládùúgbò.

Ọ̀nà karùn-ún ni dídẹ pàkúté. Ẹni tí ó bá dẹ okùn tàbí tàkúté gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní òròòwúrọ̀, nítorí ìwà ìkà ni kí ẹran máa jẹ̀rora ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, kí ó sì jẹrà láìsí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọn tí àwọn kan ń dẹ sí ojú ọ̀nà ẹran, tí wọ́n so okùn mọ́, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ, ohun tí a kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ó wà ní abúlé kankan ni. Ìbọn tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn ṣì lè ṣàṣìṣe. Ìbọn tí kò ní ojú rárá ńkọ́?

OJÚ ÀÀLÀ MÉJÌ TÍ ÌBỌN NÍ

Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò. Láti ẹnu ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, akọ òkúta tàbí ìṣáná rẹ̀ ni ó sì ń tan iná sí ẹ̀tù. Láàárín ìgbà tí ọdẹ bá fa ọwọ́ ìbọn àti ìgbà tí ọta yóò jáde, àyè díẹ̀ wà. Bí ẹran bá ń sáré, ó ti kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹran tí ó dúró, tí ó sì súnmọ́, ni ṣakabùlà wà fún. Ìbọn òyìnbó tí a ń ki kátíríìjì sí nídìí yára jù ú lọ, agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí ó mọ.

Ọta wẹ́wẹ́ kì í jáde bí òkúta kan. Bí ó ti ń lọ ni ó ń fọ́n ká. Bí a bá fi ìbọn kátíríìjì tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá yìnbọn sí ohun tí ó wà ní yáàdì 40, nǹkan bí ọta 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò bọ́ sí inú òbìrí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀. Àwọn yòókù ti fọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àyà ẹtu kò tó ìdá mẹ́rin òbìrí náà. Bí ọdẹ bá yìnbọn láti ibẹ̀, ọta kan lè bá ìfun, òmíràn lè bá ẹsẹ̀. Ẹran yóò sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́, yóò sì kú sí ibi tí igún nìkan yóò ti rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìbọn ní ojú ààlà méjì. Èkíní ni ibi tí agbára rẹ̀ láti pa ẹran ní ẹ̀ẹ̀kan mọ. Èkejì ni ibi tí agbára rẹ̀ láti ṣe ènìyàn léṣe mọ. Ààlà méjèèjì jìnnà sí ara wọn gan-an. Ọta ńlá tí kò lè pa ìgalà dáadáa mọ́ ní yáàdì 60 lè rìn ju yáàdì 500 lọ bí a bá gbé ẹnu ìbọn sókè, ó sì lè fọ́ ojú ẹni tí ó bá bá lọ́nà. Ẹni tí ń yìnbọn láti òkèèrè ti kọjá ààlà èkíní, kò sì tíì dé ti èkejì. Kò ní pa ẹran, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí a yìnbọn sí ẹran tí ó dúró lórí òkè gègèlé tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí èyí tí ọ̀nà oko wà lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni ọdẹ yóò ti mọ ààlà ìbọn tirẹ̀? Kí ó má ṣe bi ẹnikẹ́ni. Kí ó bi ìbọn náà. Kí ó na ẹní àtijọ́ mọ́ ara òkìtì tàbí bèbè ilẹ̀ gíga, kí ó sì fi ẹfun ya òbìrí tí ó tó àyà ẹtu sí i lára. Kí ó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ibẹ̀. Kí ó yìnbọn sí i ní ìṣísẹ̀ 15, kí ó ka ihò inú òbìrí náà. Lẹ́yìn èyí kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 20, ní 25 àti ní 30. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà tí ó bá na ẹsẹ̀ dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì kan. Ibi tí ihò kò bá ti pé mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ nínú òbìrí náà, ibẹ̀ ni kí ó mọ̀ pé ìbọn òun mọ. Kí ó mú igi kan ní ìwọ̀n ibẹ̀ sọ́kàn nígbàkígbà tí ó bá wà nínú igbó. Fún ọ̀pọ̀ ṣakabùlà, a kò ní rí i kọjá ìṣísẹ̀ 20 tàbí 25. Fún ìbọn kátíríìjì, 30 sí 35 ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí àtigùn ọ̀nà ki ẹ̀tù kọjá ìwọ̀n. Ọ̀pá omi ni àwọn alágbẹ̀dẹ kan fi ń rọ ẹnu ìbọn. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ọ̀pá a bẹ́, ọwọ́ àti ojú ọdẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ bá.

KÍ A TÓ YÌN ÍN, ÀTI LẸ́YÌN TÍ A BÁ YÌN ÍN

Ibi tí ó tọ́ láti yìn ni ẹ̀yìn apá iwájú, nígbà tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ ojú sí ọdẹ, nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Kí ọdẹ má ṣe yìn ín ní ìdí bí ó ti ń sá lọ. Bí ẹran bá jẹ́ méjì, kí ó yan ọ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo.

Bí ẹran bá gbọgbẹ́ tí ó sá, gbèsè ti wọ ọrùn ọdẹ. Kí ó dúró díẹ̀, kí ó má bàa lé e jìnnà; lẹ́yìn náà kí ó wo ipa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ń hó ti ẹ̀dọ̀fóró wá, ẹran náà kò ní pẹ́ ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ti ẹ̀dọ̀ wá. Èyí tí ó ní koríko àti òórùn ìgbẹ́ nínú ti ìfun wá. Kí ọdẹ dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tọ̀ ọ́. Ọdẹ rere kì í wá ẹran mìíràn kí ó tó wá èyí tí ó ti ṣá lọ́gbẹ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi pin.

Ẹni tí ó súnmọ́ ẹran yóò tún rí ohun tí ẹni tí ó wà lókèèrè kò lè rí: yóò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, yóò sì mọ èyí tí ó lóyún tàbí tí ọmọ ń tẹ̀ lé. Ọ̀yà a máa bí ọmọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í tètè tán ní igbó. Ṣùgbọ́n ìgalà a máa gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì ń bí. Ẹtu náà, ọ̀kan ni. Ẹni tí ó bá pa abo ìgalà tí ó lóyún ti pa ẹran tọdún yìí, ó sì ti pa tàwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹran tí baba wa ń bá pàdé lẹ́yìn ilé ti di ohun tí à ń rin ọ̀nà jíjìn kí a tó rí. Erin tí ó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kì í ṣe ẹran ọdẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún ọdẹ nínú ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ní ìbọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kò sì yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kì í bá ọdẹ wọ igbó ní òru. Ohun tí ń bá a wọ igbó ni ẹ̀kọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí ṣe wà lọ́wọ́ Olúọdẹ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dá gbé ìbọn lọ sí òru kí ó tó lè sọ, láìwo ilẹ̀, iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láàárín òun àti igi tí wọ́n bá nawọ́ sí. Kí àwọn tí ń wá ìgbín náà máa sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n máa kọrin bí wọ́n ti ń lọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọdẹ abúlé mọ ìhà tí wọ́n wà.

Ẹ̀yin ọdẹ, kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ẹran tí ẹ kò yìn lónìí ṣì wà ní igbó. Ẹ súnmọ́ ọn, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tó fa ọwọ́ ìbọn.